Ọkọ Mi àti Ẹni Tí A Kì Í Dárúkọ

Nígbà tí mo gbọ́ ìró alùpùpù lẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò, ọkọ mi Olegário jókòó tì mí, ó ń bó tirẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ìka rẹ̀ a máa le láàárọ̀ báyìí. Àlejò tó bá wọ abúlé wa, Vereda Funda, tòun ti gìtá lẹ́yìn, ilé wa ló ń bọ̀, ohun kan náà ló sì ń bọ̀ wá béèrè. Ó ti sú mi tipẹ́.

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ó ní Valdomiro lorúkọ òun, láti ìlú Montes Claros, pé ilé ọtí lòun ti ń kọrin níbẹ̀. Kì í ṣe ọmọdé, ewú ti ń yọ létí rẹ̀. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo bu kọfí fún un, ó mu ún tán kó tó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ibo lẹ ti pàdé rẹ̀?"

"Ta ni?"

"Ẹni yẹn. Ẹni tí a kì í dárúkọ."

Ọkọ mi ju ẹ̀gẹ́ sínú omi. "Áà, ìyẹn? Ó ti kó kúrò ládùúgbò yìí. Wọ́n ní São Paulo ló ń gbé báyìí. Iṣẹ́ pọ̀ fún un níbẹ̀."

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Omi ti lé sí i lójú.

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń ta gìtá. Mo ta á títí ìka mi fi ṣẹ̀jẹ̀. Tí mo bá sì ń ta á, àwọn èèyàn á kàn máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, wọ́n á ní kí n yẹra kí wọ́n ráyè kọjá lọ sílé ìtọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Wọ́n ní bí ẹ bá ń ta fíólà, màlúù pàápàá á pa jíjẹ tì."

"Ọ̀lẹ ni màlúù ibí. Wọn ò nílò orin kí wọ́n tó pa iṣẹ́ tì."

"Mo ṣe tán láti fún un ní ohunkóhun tó bá fẹ́. Ẹ̀mí mi gan-an."

Olegário wá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ pé àlòkù ló ń rà?" Nígbà tó rí i pé ojú ọkùnrin náà bàjẹ́, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Gbọ́, ọ̀rẹ́. Bí o bá fẹ́, jókòó. Màá kọ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Á pẹ́ o. Ohun tí mo ní náà nìyẹn."

Valdomiro rò pé à ń fi nǹkan pa mọ́ fún òun. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó lọ gba yàrá lẹ́yìn ilé ọtí tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń dúró de ìgbà tí ọkàn bàbá náà máa yọ́.

Kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Olegário wà lọ́dọ̀ọ́, kò mọ fíólà ta rárá. Fíólà ni gìtá kékeré olókùn mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ Ọba Mẹ́ta ń gbé láti ilé dé ilé lẹ́yìn Kérésì, tí wọ́n fi ń kọrin nípa àwọn ọba tó tẹ̀ lé ìràwọ̀ lọ kí Jésù lọ́mọ ọwọ́. Kò sí ọmọkùnrin tí kò fẹ́ mọ̀ ọ́n ta. Àmọ́ ọwọ́ Olegário le bí ẹ̀ka igi. Bàbá mi a máa ní bí ọmọ yẹn bá ti gbé fíólà, ká tètè kó adìẹ wọlé kí ẹyin wọn má baà dọ̀bu.

Ó bá àwọn darandaran da màlúù lọ sápá odò São Francisco, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé, kò bá wọn dé. Wọ́n ní ibà dá a gúnlẹ̀ lọ́nà, àwọn sì fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ wọ dúdú. Òjò ọdún kan rọ̀ kọjá, ti ọdún kejì tún rọ̀. Ló bá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbẹ bíi pàǹdùkú, ó gbé fíólà dúdú kan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí kọ́rùn, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Mo wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń gún kọfí gbé ọmọ odó sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Bàbá mi tó ń bú u tẹ́lẹ̀ sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yá iná. Èmi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tó dákẹ́, inú bí mi sí i pé ó dákẹ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti mọ ẹni tó kọ́ ọ. Wọ́n ní ó lọ sí oríta lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ó ki ọwọ́ bọ ihò kan, Ẹni Burúkú náà sì ṣẹ́ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún wọn tò. Àwọn míì ní rárá, ejò ni, ejò olórùka pupa àti dúdú tó ń gbé abẹ́ ewé, pé ó fà á láàyè gba àárín ìka rẹ̀ ni ìka náà fi rọ̀. Gbogbo wọn ló mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́nì kankan tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta fíólà ni wọ́n sọ pé ó ta ẹ̀mí. Olegário ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tó wá ń fẹ́ mi, mo bi í létí odò tí mo ti ń fọṣọ.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Idalina, kó o tó jẹ́ hòo fún mi, jókòó ná."

Ó ní nígbà tí àwọn darandaran fi òun sílẹ̀, ọkùnrin kan ló wọ́ òun lọ sínú ahéré rẹ̀ létí odò. Anfilófio lorúkọ rẹ̀. Adẹ́tẹ̀ ni. Ó sá kúrò nínú ọgbà tí ìjọba ń ti àwọn adẹ́tẹ̀ mọ́ nígbà náà, ó wá fara pa mọ́ síbi tẹ́nì kankan kì í dé. Ìka rẹ̀ ti jẹ tán, kùkùté ló kù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá olórin ni kí àìsàn tó mú un, fíólà rẹ̀ ṣì ń bẹ lára ògiri. Ó fi àwọn kùkùté yẹn gbé igbá omi sí Olegário lẹ́nu títí ibà fi lọ. Lẹ́yìn náà, Olegário ò lè fi í sílẹ̀. Ó ń pẹja fún un, ó ń gbin àgbàdo, ọkùnrin náà sì ń fi ẹnu kọ́ ọ. Á fi ẹnu kọ ohùn náà, Olegário á máa wá a kiri orí okùn, bó bá sì ti ṣì í, á gbá a létí. Kò síṣẹ́ míì níbẹ̀, kò sí aládùúgbò, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, Olegário sin ín, ó gbé fíólà, ó ń bọ̀ nílé.

"Kí ló dé tó ò sọ fún wọn?" mo bi í.

"Kí n sọ pé kí ni? Bí mo bá ní fíólà adẹ́tẹ̀ nìyí, wọ́n á da kẹrosíìnì sí i, wọ́n á sun ún lójú mi. Wọ́n á ní kí ọkọ̀ ìjọba wá gbé mi. Ẹnikẹ́ni ò ní ta iyọ̀ fún ìyá mi mọ́. Àmọ́ ẹni tó bá bá Sàtánì ṣe àdéhùn, wọ́n á kàn bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀ ni, wọ́n á sì ní kó wá ta fíólà fún àwọn."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Mo dì í mú. Ìdáhùn mi nìyẹn.

Bàbá mi ò wá síbi ìgbéyàwó wa. Nígbà tá a bí ọmọ wa kan ṣoṣo, Adeílson, obìnrin tó gbà láti ṣe ìyá ìsàmì rẹ̀ dá a padà fún mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní apá ń ro òun. Ìyàwó ẹni tó ń lu agogo ló bá wa gbé e. Ní ti ẹgbẹ́ Ọba Mẹ́ta, Tibúrcio tó jẹ́ olórí wọn kì í jẹ́ kí ọdún kọjá láìpe Olegário, torí pé láìsí fíólà rẹ̀, àwọn èèyàn ò ní ṣílẹ̀kùn tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n bí àsíá mímọ́ tí wọ́n ń gbé níwájú bá ti wọlé, tí gbogbo wọn tẹ̀ lé e, ẹnu ọ̀nà ni Olegário ń dúró sí. Ibẹ̀ ni yóò ti máa ta á. Ìta ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un, nínú àwo tí ẹlòmíì ò ní jẹun nínú ẹ̀ mọ́.

Mo sọ fún un lọ́dún kan, mo ní, "Ká ní wọ́n mọ̀ pé ọ̀rẹ́ adẹ́tẹ̀ ni ọ́, kí ni wọn ì bá ṣe tó ju èyí lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Fíólà ṣì ń dún, Idalina."

Lóòótọ́, ó ń dún. Àmọ́ èmi ni mo ń nu ojú ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọmọ Sàtánì nílé ìwé. Gbàrà tí irùngbọ̀n hù lágbọ̀n Adeílson, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí São Paulo. Ọjọ́ Àjíǹde nìkan ló máa ń pè wá.

Nígbà tó yá, oògùn ẹ̀tẹ̀ dé, wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìlera, wọ́n sì ṣí ọgbà àwọn adẹ́tẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kí Olegário sọ òótọ́ báyìí. Ó ní, "Ta ló máa gbọ́? Irọ́ yẹn ti dàgbà jù wá lọ. Jẹ́ kí n sinmi." Mo jẹ́ kó sinmi. Ó ti rẹ èmi náà.

Bí a ṣe wà nìyẹn kí Valdomiro tó dé.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó gba yàrá, mo ń sá gàrí lójú oòrùn ọ̀sán, ni mo rí i tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ń rìn bí ẹni tó ti mutí. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú.

"Bàbá dà? Mo ti ṣe é o." Ahọ́n rẹ̀ wúwo, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. "Ejò náà. Mo rí i lábẹ́ ewé. Mo fà á gba àárín ìka mi, bí wọ́n ṣe wí. Ó kàn gé mi jẹ díẹ̀ ni. Kò dùn mí rárá."

Ó tipẹ́ tí mi ò ti rí ọkọ mi kó yára dìde bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n sáré lọ pe Tibúrcio, torí òun ló ní ọkọ̀ akẹ́rù. A gbé ọkùnrin náà sẹ́yìn ọkọ̀, Olegário gbé orí rẹ̀ lé itan, Tibúrcio sì dá wà níwájú, ó ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú lórí kòtò àti gegele títí dé ọsibítù.

"Má sùn!" ni Olegário ń pariwo. "Òmùgọ̀, mo ní kó o má sùn. Gbọ́ mi. Kò sí Sàtánì kankan. Adẹ́tẹ̀ ló kọ́ mi. Ṣé o gbọ́? Ọkùnrin tí kò níka ló kọ́ mi. Ó ń gbá mi létí. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju ìyẹn lọ."

Mo rò pé Valdomiro gbọ́. Ojú rẹ̀ ò lè ṣí mọ́, ṣùgbọ́n ó fún ọwọ́ ọkọ mi pinpin.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, wọ́n fi ẹ̀rọ bá a mí títí ó fi lè dá mí fúnra rẹ̀. Kò kú. Ṣùgbọ́n ní Vereda Funda, wọ́n ti fi ẹnu sin ín. Wọ́n ní àdéhùn Olegário ti pé, Ẹni Burúkú wá gbowó ọjà, ọ̀dàlẹ̀ náà sì fi ẹlòmíì dípò ara rẹ̀. Ẹnì kan sọ òkúta sórí páànù wa lọ́sàn-án gangan. Obìnrin tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ mi ṣe àmì àgbélébùú, ó kọjá.

Lọ́jọ́ kan, Tibúrcio wá, kò jókòó. Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe èmi o. Ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ní lọ́dún yìí, kẹ́ ẹ sinmi. Ẹ̀rù ọmọ wọn ń bà wọ́n."

"Mo gbọ́," ni Olegário wí.

Ó jókòó sójú kan náà títí tí mo fi dáná tán. Kò jẹun. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó gbé fíólà. Mo tẹ̀ lé e láì béèrè ibi tó ń lọ. Ilé Tibúrcio ni. Gbogbo ẹgbẹ́ pé síbẹ̀, wọ́n ń kọ́ orin ọdún, àwọn ìyàwó wọn ń dín àkàrà àgbàdo. Orin dá wáí.

Olegário dúró sẹ́nu ọ̀nà, níbi tó máa ń dúró sí.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀," ó ní. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ẹni tó kọ́ mi." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ẹrù sílẹ̀: ibà, ahéré, kùkùté ọwọ́, ìgbátí, ibojì létí odò. Kò sunkún, kò sì dá ara rẹ̀ láre.

Tibúrcio ń wo fíólà. "Ṣé èyí náà ni?"

"Òun náà ni."

"Àìmọye ìgbà ni mo ti bá yín pààrọ̀ okùn rẹ̀!" Ló bá ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ṣé ìka rẹ ti jẹ tán?"

Tibúrcio wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tún bo ẹnu. Àmọ́ àwọn méjì dìde, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ, obìnrin kan sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ìyá Tibúrcio ló sọ̀rọ̀. Perpétua ni wọ́n ń pè é, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, igun ilé ló máa ń wà, a tiẹ̀ rò pé kì í gbọ́rọ̀ mọ́.

"Kí lorúkọ ọkùnrin náà?"

"Anfilófio, Màmá."

Ìyá náà mi orí. "Kì í ṣe òun," ó ní. "Damião ni tiwa ń jẹ́. Àbúrò mi. Ọkọ̀ ìjọba wá gbé e nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Bàbá wa ní ká má dárúkọ rẹ̀ mọ́, a ò sì dárúkọ rẹ̀." Tibúrcio yíjú sí ìyá rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò gbọ́ ọ rí. Ìyá náà fi ọ̀pá ti àga kan síwájú. "Olegário, wọlé kó o jókòó. O ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ wa."

Ọkọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé náà. Ó wo ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé odò ni. Mo ti ẹ̀yìn tì í díẹ̀, ó wọlé.

Mi ò ní sọ pé gbogbo nǹkan wá tò. Lọ́dún yẹn, ó bá ẹgbẹ́ jáde. Àwọn ilé kan tilẹ̀kùn mọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ àrùn. Àwọn kan gbà á wọlé, wọ́n sì fún un láwo bíi tiwọn. Àwọn míì sì wà tí wọ́n ní irọ́ ni, pé Ẹni Burúkú náà ló paradà di adẹ́tẹ̀, kí ni Olegário mọ̀? Ti Valdomiro ńkọ́? Ara rẹ̀ yá, kò padà wá dúpẹ́. A gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ń fi ìka rẹ̀ tí kò tíì rọ̀ ta gìtá, ó ń sọ bí ejò Sàtánì ṣe fi ẹnu kò ó lọ́wọ́ ní Vereda Funda. Wọ́n ní ilé ọtí tó ti ń kọrin ń kún báyìí. Àwọn alálùpùpù tó ń wá bá wa tún wá pọ̀ sí i. Olegário pa rédíò, ó ní, "Ó ti rí tirẹ̀ ṣe."

Ọ̀rọ̀ dé São Paulo kí ọjọ́ Àjíǹde tó pé. Adeílson pè. Èmi ni mo gbé fóònù.

"Màmá, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹ̀yin náà mọ̀? Láti ìgbà náà? Gbogbo ohun tí wọ́n ń pè mí yẹn, ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ sì ń wò mí?"

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ìgboro lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pẹ́ kí Adeílson tó gé fóònù. Mo sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò, kò gbé fíólà fún ọjọ́ púpọ̀. Lára gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ sí i láyé, èyí ni mo rí tó wọ̀ ọ́ lára. Ó ní, "Èmi ni mo ta á, Idalina. Kì í ṣe ẹ̀mí mi ni mo tà, ọmọ yẹn ni." Mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwa méjèèjì la jọ tà á.

Adeílson tún pè nígbà òjò. Kò kí mi púpọ̀, ó ní kí n fún bàbá òun ní fóònù. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, mo kàn rí Olegário tó ń mi orí, tó ń mi orí, bí ẹni pé ọmọ náà lè rí i. Nígbà tó fi fóònù sílẹ̀, mo bi í.

"Ṣé ó ní òun ń bọ̀ ni?"

"Ó ní bóyá. Bí wọ́n bá fún un láàyè níbi iṣẹ́."

"Bóyá?"

"Bóyá dáa," ó ní. Ó na ẹsẹ̀, ó fi fìlà bo ojú, kò sì pẹ́ tó fi ń hanrun. Mo fi gàrí tí mò ń sẹ́ sílẹ̀, mo jókòó tì í.